Ìyá Gwang-su Láàárín Àgbá àti Ẹ̀rọ

Àìsàn kan wà tí dókítà kankan ní ìlú Gunsan kò tíì rí oògùn rẹ̀. Òun ni àìlè sọ pé "rárá." Láti kékeré ló ti ń ṣe Ìyá Gwang-su. Jeom-rye ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló tún ń pe obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní orúkọ àbísọ? Nígbà tó wà lọ́mọge, ọkùnrin méjì ló wá tọrọ rẹ̀ nínú ìkórè kan náà, ó sì dá àwọn méjèèjì lóhùn pé ó dára. Ìyá rẹ̀ ló lọ bá a bẹ ọ̀kan. Èyí tó kù, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní èbúté, òun ló fẹ́, orí sì bá a ṣe é, nítorí ọkùnrin náà mọ "rárá" sọ bí ẹni ń mí. Bí ẹni tó ń kiri ìkòkò bá kan ilẹ̀kùn, ọkọ ni yóò dá a lóhùn. Bí ìbátan bá fẹ́ yá owó, ọkọ ni yóò dá a lóhùn. Ohun tó lé ní ogójì ọdún ni wọ́n fi jọ gbé bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìrúwé ọdún tó kọjá ni ọkọ náà kú lójijì, ó sì fi obìnrin rere yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tí kò mọ̀ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ.

Ilé bíríkì pupa kan lẹ́yìn ọjà ẹja ló ń gbé. Ìdílé mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń gùn. Lọ́dún yìí, àwọn ará ilé fohùn ṣọ̀kan pé òórùn agolo àjẹkù tó wà lẹ́nu géètì ti sú àwọn. Owó àjọní ilé wà nílẹ̀. Ohun tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà. Àwọn kan ní àgbá ajílẹ̀ ni kí wọ́n rà, àgbá ńlá onímọ́tò tí wọ́n máa gbé sẹ́yìnkùlé, tí gbogbo ilé á máa da àjẹkù sí, tí àgbá á sì máa yí i títí tí yóò fi di ilẹ̀ dúdú. Àwọn yòókù ní ẹ̀rọ ìlọ ni kí wọ́n rà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ sínkì, tó ń lọ àjẹkù kúnná kí omi lè gbé e lọ. Owó náà tó ọ̀kan, kò tó méjì. Ìdílé mẹ́rin wà lẹ́yìn àgbá, mẹ́rin wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tó ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá tí le tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Ìyá Deok-hwan ló ṣíwájú ẹgbẹ́ àgbá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé, ó fi ọdún méjì ju Ìyá Gwang-su lọ, ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì sì kó dé inú ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun. Wọ́n jọ lóyún, wọ́n jọ bímọ, wọ́n jọ sin ọkọ wọn ni. Ìyá Deok-hwan ní ọgbà tóóró kan lẹ́yìn ilé, ata ni, apálá ni, ewé tútù ni. Ilẹ̀ iyanrìn etí òkun ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí o kò bá fún un lóúnjẹ, òun náà kò ní fún ọ lóúnjẹ. Àkìtàn kékeré tó ń lò tẹ́lẹ̀ ni àwọn ará ilé ní kó kó kúrò nítorí òórùn. Bí àgbá kò bá wá, ọgbà parí nìyẹn.

Ẹni tó ṣíwájú ẹgbẹ́ ẹ̀rọ ni Ìyá Ha-ram, ọmọbìnrin tó ń gbé lókè pátápátá. Ó ní ọmọ kan, ó sì lóyún èkejì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan la ń rí i. Bí ó bá gbé ọ̀rá àjẹkù tó ń jò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú oyún níwájú, èébì ló fi ń rìn dé géètì. Ọmọ yìí náà ló wa ọkọ̀ gbé Ìyá Gwang-su tẹ̀ lé olóògbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ọjọ́ burú, tó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kì í kan ilẹ̀kùn béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Gwang-su fúnra rẹ̀ wà ní Ulsan, ìlú mìíràn tó jìnnà, ó ń pè lọ́jọ́ Sunday. Nítorí náà, èèyàn méjì ni Ìyá Gwang-su ní láyé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bó bá dìbò fún àgbá, ó pàdánù ti òkè. Bó bá dìbò fún ẹ̀rọ, ó pàdánù ti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń bà á lẹ́rù débi pé ó máa ń gbàgbé ohun tó wá ṣe nínú ilé ìdáná ara rẹ̀.

Ìyá Deok-hwan ló kọ́kọ́ wá. Ó gbé abọ́ ẹja wẹ́wẹ́ tó fi ata àti oyin dín lọ́wọ́.

"Mo mọ̀ pé n kò nílò láti béèrè," ó wí. "Àgbá ni tìẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti ń sọ fún wọn. Mo ní Ìyá Gwang-su kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi oúnjẹ bọ́ paipu. Ohun tí ilẹ̀ mú wá, ilẹ̀ ló yẹ kó padà sí."

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ilẹ̀kùn tún dún. Ìyá Ha-ram ni, òun àti abọ́ ọbẹ̀ elégédé tó ń rú èéfín.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn," ó wí. "N kò fẹ́ dà yín láàmú o. Ó kàn jẹ́ pé bí inú mi ṣe ń rí…"

"Mo rí i, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ni."

Ẹ̀yin ẹ wo àgbàlagbà. Kó tó pa ilẹ̀kùn dé, ó ti mọ̀ pé òun ti di àdán, kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ó dúró sáàárín ilé, abọ́ méjì lórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé àwọn ni yóò sọ ohun tó kàn.

Abọ́ náà sì ni wàhálà kejì. Ní ìlú wa, a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo. Ó dín àkàrà pẹlẹbẹ aléwé àlùbọ́sà, ó fi kún abọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó se ọ̀dùnkún aládùn, ó fi kún abọ́ ti òkè. Àwọn náà kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tún fi abọ́ tiwọn ránṣẹ́. Bí ìbò ṣe ń sún mọ́ tòsí ni oúnjẹ ń pọ̀ sí i, nítorí kò sí nínú wọn tó fẹ́ kí abọ́ ẹnì kejì ju tòun lọ. Ìyá Deok-hwan gbé apálá oníyọ̀ wá, Ìyá Ha-ram gbé ẹja yíyan wá. Ẹnu kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ó sì jẹ́ ẹnu tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́.

Àjẹkù wá ń pọ̀, àjẹkù ní Gunsan kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń dà nù bákan ṣá. Èyí tí ẹran ọ̀sìn lè jẹ lọ sínú agolo àjẹkù. Èyí tí kò lè jẹ lọ sínú ọ̀rá ìdọ̀tí. Eegun kì í ṣe àjẹkù. Èèpo ẹyin kì í ṣe àjẹkù. Èèpo ọsàn jẹ́ àjẹkù, èèpo àlùbọ́sà kì í ṣe àjẹkù. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, ọkọ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyàwó kàn ń gbé e fún un ni. Báyìí, á di èèpo àlùbọ́sà kan mú láàárín ìka méjì, á dúró láàárín ike méjì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ìwọ, ṣé ewúrẹ́ lè jẹ ọ́ ni àbí kò lè jẹ ọ́? Ewúrẹ́ bàbá mi ì bá jẹ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ta ló bi ewúrẹ́ bàbá mi?"

Agolo ẹnu géètì náà kò ràn án lọ́wọ́. Agolo ìgbàlódé tó ń sọ̀rọ̀ ni. Bí o bá fi káàdì ilé kàn án, á ṣí ẹnu, á gba ohun tí o dà sí i, á sì fi ohùn obìnrin kéde ìwọ̀n rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rí-ọkàn pàápàá kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ló ń pín owó ìwọ̀n náà san, nítorí náà nígbà tó ga lójijì, gbogbo ilé ló pariwo. Kò sẹ́ni tó ro ti opó tó ń dá gbé. Ìyá Deok-hwan ló na ìka sókè.

"Ta ló tún lè jẹ́?" ó wí lórí àtẹ̀gùn, ohùn rẹ̀ ròkè kó lè dé ibi tó ń lọ. "Àwọn ìyàwó òde òní, wọ́n á ra oúnjẹ nínú fóònù, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á dà á nù. Wọ́n á wá máa wá ẹ̀rọ tó máa bá wọn bo àṣírí."

Ìyá Ha-ram yọjú láti òkè. "Ìyá Deok-hwan, èmi lẹ ń bá wí?"

"Èmi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí bàtà bá bá ẹsẹ̀ mu, kó wọ̀ ọ́."

"Ilé èèyàn méjì àti ààbọ̀ ni tèmi, Màmá. Ẹ wá yẹ sínú ìkòkò mi wò."

"Kí ni n ó wá ṣe nínú ìkòkò rẹ? Ìkòkò tí kò mọ iná."

Ìyá Gwang-su wà láàárín àwọn méjèèjì, ní ojú ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ jáde, pé èmi ni, ẹ má bínú, èmi ni mo ń da oúnjẹ yín nù. Ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, òkè kò bá ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, àfi kí olúkúlùkù máa wá sílé Ìyá Gwang-su wá bú ẹnì kejì.

"Ṣé o rí bó ṣe dá mi lóhùn?" Ìyá Deok-hwan á wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé ó dára kí àgbà máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ìyá Ha-ram á wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, kò dára."

Kò lè dé ìdí agolo mọ́. Ó ṣe ohun tí ìyàwó ilé gbogbo níhìn-ín ń ṣe nígbà ooru kí àjẹkù má bàa rùn, ó kó o sínú fírísà. Àwọn tó kù a máa kó díẹ̀ sí i fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Tirẹ̀ kò dúró. Ó ń di ọ̀rá kan lé ọ̀rá kan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìbò bá ti parí, bó jẹ́ àgbá ni, òun á kó o fún àgbá, bó jẹ́ ẹ̀rọ ni, òun á kó o fún ẹ̀rọ. Ìwọ̀n agolo bá já wálẹ̀. Ìyá Deok-hwan rí i, ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ rí i? Mo bá a wí, ó jáwọ́." Báyìí ni fírísà Ìyá Gwang-su ṣe di ẹlẹ́rìí èké tó ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá, ọmọ tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá ó ti jẹun. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Ó gbìyànjú láti mọ èyí tó dára nínú méjèèjì, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó pe Gwang-su ní Ulsan. Gwang-su ní, "Màmá, èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn." Ìdáhùn tí ọmọ ẹlòmíràn pàápàá lè fúnni nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni àgbá yìí ń jẹ gan-an?"

"Ohun gbogbo. Èèpo, ewé, ìrẹsì."

"Kimchi ńkọ́?"

Ìyá Deok-hwan fi ọkọ́ ti ilẹ̀ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Ti kimchi, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi fọ iyọ̀ àti ata kúrò lára kábéèjì rẹ̀. Iyọ̀ máa ń pa ilẹ̀."

"Ẹja oníyọ̀ ńkọ́? Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà, wàá fọ̀ ọ́."

"Mo gbọ́. Màá fọ ọbẹ̀."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"N kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn ń wò ó bí wọ́n ṣe ń fọ ọbẹ̀ ni."

Ó gun òkè lọ. Ìyá Ha-ram fi fídíò ẹ̀rọ náà hàn án nínú fóònù, ọmọge kan tó ń rẹ́rìn-ín ń ju èèpo ápù sínú sínkì.

"Ó dára gan-an," Ìyá Gwang-su wí. "Kábéèjì ńkọ́?"

"Kábéèjì, ẹ gbọ́dọ̀ gé e wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó fi sí i. Okùn inú rẹ̀ máa ń wé mọ́ irin."

"Eegun ńkọ́?"

"Eegun kì í lọ síbẹ̀."

"Ohun tó bá dì?"

"Ẹ máa jẹ́ kó yọ́ ná, Màmá."

Ìyá Gwang-su sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Ọ̀kan kò jẹ iyọ̀, ọ̀kan kò jẹ okùn. Ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ kábéèjì oníyọ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, níbo ni wọ́n ti rí irú àwọn àlejò méjì yìí? Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, kò sì mọ èyí tó yẹ kó lọ.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ilé Ìyá Gwang-su ni wọ́n fi ìpàdé sí, nítorí pé òun ló wà láàárín, wọ́n sì gbà pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bàbá Maeng tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni alága. Kí àwọn èèyàn tó dé, Ìyá Deok-hwan ti wá bá Ìyá Gwang-su tẹ́ ẹní. Kò pẹ́ ni Ìyá Ha-ram náà dé láti wá bá a fọ ife. Àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú ilé ìdáná tí kò gbà ju èèyàn kan àti ààbọ̀ lọ. Oòrùn ń mú, omi ọkà bálì tí wọ́n sè fún àlejò ṣì gbóná.

"Màmá, ṣé ẹ ní yìnyín?" Ìyá Ha-ram béèrè, ó sì ti na ọwọ́ sí fírísà.

Ìyá Gwang-su wà nínú pálọ̀. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó dáhùn.

Nígbà tó fi rántí, ó ti pẹ́. Ọ̀rá àkọ́kọ́ já lu ilẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń dún gbì gbì bí òkúta. Nígbà tó fi sáré dé ibẹ̀, Ìyá Ha-ram ti di ọ̀kan mú, ó ń fi àtàǹpàkò nu yìnyín orí rẹ̀.

"Ọbẹ̀ elégédé mi nìyí," ó wí.

Ìyá Deok-hwan tẹ̀, ó mú òmíràn nílẹ̀, ó gbé e sí ojú fèrèsé. "Ẹja wẹ́wẹ́ mi." Ó mú òmíràn. "Apálá mi. O ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá Gwang-su, o ò tiẹ̀ tọ́ ọ wò."

Ìyá Gwang-su dúró.

"Èmi ni," ó wí. "Agolo ẹnu géètì, èmi ni. Kì í ṣe ọmọ yìí. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ariwo, ojú tì mí, mo wá ń kó o síbí."

Ojú Ìyá Deok-hwan pọ́n. Kò wo Ìyá Ha-ram. Ó wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ títí, kó tó sọ pé, "A jẹ́ pé mo bú ọmọ ọlọ́mọ lásán." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí i, ó sì wí fún un pé, "Má bínú. Ẹnu mi ni." Ìyá Ha-ram mi orí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa pé kí á má gbé oúnjẹ wá mọ́?" Ìyá Deok-hwan tún béèrè.

"Bí mo bá ní kẹ́ ẹ má gbé e wá mọ́, ta ni yóò máa kan ilẹ̀kùn mi?"

Omi ń kán láti ara àwọn ọ̀rá sórí ilẹ̀.

"Màmá," Ìyá Ha-ram wí, "kí lẹ wá ń jẹ?"

"Ìrẹsì. Mo máa ń bu omi tútù sí i, màá fi ata kan jẹ ẹ́. Ìdí sínkì níbí."

"Ní ìdúró?"

"Bí mo bá jókòó sídìí tábìlì, iwájú mi máa ń ṣófo."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Bàbá Maeng kan ilẹ̀kùn, tí àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí wọ́n ń bọ́ bàtà, tí wọ́n ń béèrè bóyá ìpàdé máa pẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́ta náà fi ẹsẹ̀ ti àwọn ọ̀rá sábẹ́ sínkì, wọ́n sì jáde sí pálọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Omi ọkà bálì gbígbóná ni wọ́n fún gbogbo èèyàn mu.

Bàbá Maeng kò fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ àgbá na ọwọ́, mẹ́rin na ọwọ́. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rọ na ọwọ́, mẹ́rin na ọwọ́. Ó wá yíjú sí onílé.

"Ìyá Gwang-su, ọwọ́ yín la ń wò. Èwo ni?"

Gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lójú. Èèpo àlùbọ́sà, ọbẹ̀ fífọ̀, ọmọge inú fóònù, ata inú ọgbà, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wo Ìyá Ha-ram, ó rí i tó gbé ọwọ́ lé ikùn, tó tẹ orí ba, tí kò béèrè ohunkóhun. Ó wo Ìyá Deok-hwan, ó rí i tó ń wò ó pẹ̀lú ojú tó ti ń wò ó láti ogójì ọdún, ojú ẹni tó mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rọ," ó wí.

"Kí lo wí?" Ìyá Deok-hwan béèrè.

"Mo ní ẹ̀rọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí fún ẹ̀yin méjèèjì."

"Èmi nìkan lo sì wá já kulẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún."

"Nítorí ogójì ọdún náà ni." Ó yíjú sí i. "Ọmọ yìí, bí mo bá já a kulẹ̀, kò ní bá mi jà, yóò kàn rọra bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin á bú mi, ẹ̀yin á sì padà wá. Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo ló kù láyé yìí tí mo lè sọ pé rárá fún. Ẹnì kejì ni ọkọ mi, ó sì ti kú."

Bàbá Maeng wúkọ́, ó sì kéde pé ẹ̀rọ ló wọlé. Ìyá Deok-hwan dìde kó tó parí gbólóhùn rẹ̀. Ó wọ bàtà ní ẹnu ọ̀nà, ti òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò tún un ṣe, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tó dún gbàà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń jà bí i ká kú kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí ilẹ̀kùn náà ṣe dún, ó lè jiyàn.

Àwọn èèyàn túká. Ìyá Ha-ram ló kẹ́yìn, ó ti fọ gbogbo ife tán. "Màmá, ẹ kò bá má ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí mi," ó wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀ kó tó gòkè lọ bá ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá Gwang-su kó àwọn ọ̀rá jáde lábẹ́ sínkì. Wọ́n ti ń yọ́, kò sì mọ ibi tí yóò kó wọn sí báyìí tó ti dìbò, nítorí eegun wà nínú wọn, kábéèjì wà nínú wọn, iyọ̀ sì wà nínú gbogbo wọn. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé òótọ́ ni ohun tí òun sọ, àbí ẹni tó sún mọ́ òun jù ni òun kàn rí gbá létí? Ó dà bí òótọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ní báyìí tí ilé dákẹ́, kò dá a lójú mọ́. Ó bu ìrẹsì tútù, ó bu omi sí i, ó dúró sídìí sínkì.

Ilẹ̀kùn àbáwọlé dún pí, pí, pí, pí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ nọ́ńbà tó ń ṣí i yàtọ̀ sí Gwang-su. Ìyá Deok-hwan wọlé láìkan ilẹ̀kùn, láìgbé abọ́ kankan lọ́wọ́. Ó kọjá lára rẹ̀, ó fa tábìlì kékeré jáde lẹ́bàá ògiri, ó gbé e sáàárín pálọ̀, ó sì jókòó síwájú rẹ̀.

"Mo ṣì ń bínú o," ó wí.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"N kò wá bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ó dára."

"Má sọ fún mi pé ó dára. Gbé abọ́ ìrẹsì yẹn wá síbí. Jókòó."

Ìyá Gwang-su gbé e wá, ó jókòó. Ìrẹsì wà láàárín wọn.

"Ṣé kí n bu díẹ̀ fún yín?"

"Rárá," Ìyá Deok-hwan dáhùn, ó sì na ọwọ́ gba ṣíbí.